Mẹ́rin Ló Fi Dá Mi Lóhùn

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi yẹ kókó wò n'Íléṣà,
ní sítọ̀ ẹ̀yìn Ẹrẹ́jà, ọ̀bẹ pélébé lápò ṣòkòtò.
Àpò kì í jẹ́rìí ara rẹ̀.
Wọ́n lè fi ọ̀dà kọ Ipò Kìíní sí i gàdàgbà,
kó o la èso rẹ̀ sí méjì, kí inú rẹ̀ ti bu,
funfun bí irùngbọ̀n mi.
Ìdí nìyí tí ojú fi tì mí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn.

Lápútọ́ọ̀pù tí Ọmọ́boríowó fi sílẹ̀ kó tó lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní Jálíńgò
ni mo fi ń kọ́ Páítọ̀n, lọ́mọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
kí n lè ṣírò owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa,
torí ìwé ẹgbẹ́, ikán ti jẹ ẹ́ láti ojú ewé kejìlá.
Irinṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ fi kún un.
Ó kọ̀.
Mo tún un tẹ̀. Ó ní òun ò rí èyí tó bá òun mu.
Mo pa á, mo tàn án, mo fi aṣọ nu ojú rẹ̀,
àfi bíi pé eruku ló ń dùn ún.

Mo gbé e tọ Ọ̀ṣúntúyì lọ n'Ìṣọ́kùn,
ọmọ tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn.
Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn:
"Bàbá, ẹ̀rọ yín ò lábùkù, bíìtì ẹrinlélọ́gọ́ta ni."
Ẹgbẹ̀rún kan náírà ló gbà fún gbólóhùn yẹn.
Òótọ́ ló sọ. Òótọ́ náà ò kàn tó ni.

Ọmọ́ pè mí lórí fóònù:
"Bàbá àgbà, onílé lẹ bi. Ayálégbé ńkọ́?
Ilé ẹrinlélọ́gọ́ta a máa gba àlejò ejìlélọ́gbọ̀n,
á tẹ́ní fún un, kò ní pariwo.
Páítọ̀n gan-an ni kẹ́ ẹ bi."

Mo ṣí i. Ìlà àkọ́kọ́ tó máa ń kọ kó tó dákẹ́ dè mí,
èyí tí mo ti ń fò dá láti oṣù mẹ́rin
bí ìkíni ẹni tó fẹ́ yáwó,
ibẹ̀ ló wà: bíìtì ejìlélọ́gbọ̀n.
Ó tún wà ní ìdí orúkọ fódà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àkọlé ara àpò náà lèyí, àbí?
Mo fẹ́ la èso.
Ọmọ́ pe àṣẹ náà fún mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan,
àkámọ́, àmì àyọlò, P ńlá, àmì àyọlò, àkámọ́:
ìwọ Páítọ̀n, ìka tí o fi ń tọ́ka síbi tó o kó ẹrù sí,
báìtì mélòó ló gùn?

Mẹ́rin.

Báìtì kan, bíìtì mẹ́jọ. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́jọ.
Mo kà á lórí ìka, mo tún un kà.
Ẹni tí ìka rẹ̀ kúrú ò lè tọ́ka sópin oko ńlá.

Mo yọ ọ́ kúrò. Mo ní kí òmíràn máa bọ̀.
Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, dátà tán lẹ́ẹ̀kan.
Nínú òkùnkùn fàráńdà ni mo ti rántí Atẹ́wọ́gbadé,
àgbẹ̀ ará Ìpetu, lọ́dún tí òjò pọ̀,
àpò mẹ́tàdínlógún.
Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà. Mi ò fa ọ̀bẹ yọ.
Mo wo àpò tó gbó, tí wọ́n lẹ̀ lẹ́nu,
mo kọ Ipò Kejì sí i.
Ó wò mí, ó gba owó tí kò tó, ó lọ.
Mi ò mọ ohun tó wà nínú kókó yẹn títí dòní.

Aago kan òru, ó parí.
Ní ìgbẹ̀yìn ìlà àkọ́kọ́, ejìlélọ́gbọ̀n ṣì wà níbẹ̀;
ọmọ ní kí n má dá a lóhùn, orúkọ àtijọ́ ni.
Mo bi í léèrè kí n tó bá a ṣe nǹkan kan.
Mẹ́jọ, ló wí.
Mo ní kó tún un wí.